Ìwé ìwọ̀n mi ni mo gbé lọ sí kóòtù

Aránṣọ ni mí ní Ajílòsun, l'Ádó-Èkìtì. Bí mo bá wọn oníbàárà tán, mo máa ń kọ àyà àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò wá gba aṣọ. Nígbà tí ọkùnrin tí mo kó kúrò nílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi jà ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ń bàjẹ́, mo sì ní láti mọ ohun tí n ó sọ fún ẹni tó ni aṣọ. Ni mo bá ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà: "Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ti máṣíìnì ṣubú. Abẹ́rẹ́ kán. Bùbá Ìyá Tósìn ò parí."

N kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni mo ń kó jọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹbí pe ìpàdé lé e lórí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí n lọ fi sùúrù bá a sọ ọ́. Owó tí lọ́yà dá lé mi ju owó ṣọ́ọ̀bù mi ọdún kan lọ. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lójú pé Èkìtì ti ní òfin tó lòdì sí irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ láti 2011, pé wọ́n tún un ṣe ní 2019, àti pé mo lè fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bẹ kóòtù fún àṣẹ ààbò, ìyẹn ìwé tó máa ní kí ó jìnnà sí mi.

Mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ mi sí kóòtù lóru. Mo kọ ọ́ pé ìkà ni, pé ó ń fi ayé ni mí lára, pé kò lójú àánú. Akọ̀wé kóòtù, bàbá àgbà kan tó wo jígí, kà á tán, ó yọ jígí kúrò lójú. "Ọmọ mi, mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe? Ọjọ́ wo? Ta ló rí i?"

Mo fa ìwé ìwọ̀n yọ nínú báàgì. Bàbá fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó fo ìwọ̀n ìró, ó dúró níbi tí mo ti kọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Ibi mọ́kànlá ni. Ó ní kí n lọ tún un kọ: kí èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ṣíwájú, kí èyí tó burú jù tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ̀ lé mi lọ búra sí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ọlọ́run á ṣe é lóore.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọ tiyín, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an. "Kí ó fi mí sílẹ̀" kò tó. Mo kọ ọ́ pé kí ó má wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí ó má dé ilé ìwé ọmọ, kí ó má pè mí, kí ó má sì rán ènìyàn sí mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kọ ibi tí mo ń sùn sínú ìwé tó máa dé ọwọ́ rẹ̀.

Adájọ́ bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta péré, ó fún mi ní àṣẹ onígbà díẹ̀, ó sì dá ọjọ́ tí ọkùnrin náà máa wá sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn ọjọ́ tí béélìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìwé lọ fún ènìyàn, fi ń wá a kiri ló le jù fún mi. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni mo sùn, nítorí ìwé tí wọn kò tíì fi lé e lọ́wọ́ kò lè dá a dúró.

Ẹ̀yin tó wà l'Ábújá, òfin VAPP ti 2015, èyí tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ni tiyín, ilé ẹjọ́ gíga sì ni ẹ ó lọ. Bí ẹni tí wọ́n ń lù kò bá lè lọ fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì, tíṣà tàbí ọlọ́pàá lè bá a lọ bẹ̀bẹ̀, bí ó bá ti fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Ẹ̀dà àṣẹ náà wà nínú ìwé ìwọ̀n mi, mo fi ọ̀rá wé e. Ohun tí mo kọ kẹ́yìn nìyí: "Ọjọ́bọ̀, àárọ̀. Ó dúró ní òdìkejì títì. Kò sọdá. Bùbá Ìyá Tósìn ti parí."