Ọba Charles Kọ́ Ló Ń Fowó Kún Físà

Gbogbo ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ti fowó kún físà ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè mí láti Ìbàdàn: "Ọba wọn ńkọ́? Kí ló ń wò?" Ó ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí kì í ṣòfin. Àwọn aṣòfin ló ń ṣe é, tirẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i. Ọbabìnrin Anne ló kọ̀ gbẹ̀yìn, lọ́dún 1708.

Ẹ rántí July 17, 2024. Charles dé adé, ó gúnwà sórí ìtẹ́, ó ń ka ohun tí "ìjọba òun" fẹ́ ṣe. Àlejò tó bá ń wò ó á ní ọba ń pàṣẹ ni. Bẹ́ẹ̀, ìjọba Keir Starmer, olórí ìjọba nígbà náà, ló kọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kó tó kà á, ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ pe àwọn aṣojú-ṣòfin. Gbàgà ni wọ́n pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ó sì fi ọ̀pá dúdú kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti 1642 ni àṣà yìí ti wá, nígbà tí Ọba Charles Kìíní kó ọmọ ogun wọ ibẹ̀ láti mú aṣòfin márùn-ún; ó ń fi hàn pé ọba ò lè pàṣẹ fún wọn.

Àwa tí Ọ̀yọ́ Mèsì wa lè kọ Aláàfin lóyè láyé àtijọ́, ó yẹ kí èyí tètè yé wa.

Mi ò ní Charles ò já mọ́ nǹkan o. Òun àti olórí ìjọba máa ń ríra lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, á sọ èrò ọkàn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ físà, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, ni kẹ́ ẹ bá wí.