Wọ́n ní kí n mú itọ́ wá, mo gbé ìtọ̀ lọ

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi kò ní àmì ohùn kankan: "E jowo ma, e ba wa mu ito aago mokanla ale wa." Ta ni yóò ka ìyẹn tí kò ní wá ike? Mo tọ̀ sí i, mo dé e pa, mo fi láílọ́ọ̀nù mẹ́ta wé e. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀, ọmọbìnrin náà wo ike, ó wò mí, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Mọ́mì, itọ́ ni mo wí o. Itọ́ ẹnu." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Láti bí ọdún kan ni ojú mi ti ń wú, tó rí róbótó bí òṣùpá. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ò gbóògùn. Bí mo bá fara gbún ilẹ̀kùn lásán, ibẹ̀ á dúdú. Dókítà fura sí họ́mọ́ònù kan tí wọ́n ń pè ní cortisol. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ó máa ń pọ̀ ní ìdájí, á wá máa lọ sílẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru. Lára ẹni tó ní àrùn Cushing (Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1932), kì í lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òru ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó nígbà náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, n óò sùn sí ọsibítù, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ jí mi, ìpayà abẹ́rẹ́ yẹn nìkan sì lè gbé cortisol sókè. Itọ́ kò ní wàhálà yẹn: cortisol tí kò so mọ́ purotéènì nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ́ kọjá sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà fún mi ní ìgò tínrín méjì, òwú kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òwú náà: kí n dà á láti inú ìgò sẹ́nu, kí n máa yí i kiri fún ìṣẹ́jú méjì, kí n tu ú padà. Ṣáájú ìyẹn, kò sí jíjẹ, kò sí mímu, kò sí fífọ ẹnu. Gbogbo rẹ̀ yé mi, síbẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, búrọ́ọ̀ṣì ti wà lẹ́nu kí n tó rántí. Erìgì mi ṣẹ̀jẹ̀. Cortisol inú ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ ju ti itọ́ lọ fíìfíì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè ba èsì jẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ṣòfò. Nígbà tó di alẹ́ kejì, ẹnu mi gbẹ táútáú. Wọ́n ní ẹnu àgbàlagbà ń sun itọ́ tó ìdajì lítà ó kéré tán lóòjọ́. N ò mọ ibi tí tèmi gbà lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, pé ẹnu ni wọn yóò ti máa ṣe gbogbo àyẹ̀wò báyìí. N ò gbà. Lóòótọ́, ní 2012, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò HIV tí èèyàn lè fi ọ̀pá kékeré nu erìgì ara rẹ̀ nílé. Àmọ́ èròjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò náà ni ọ̀pá yẹn ń wá, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè rí "kò sí" fún bí oṣù mẹ́ta.

Èsì tèmi dé lánàá. Nínú alẹ́ méjì tí mo rí itọ́ gbà, cortisol ọ̀kan lọ sókè, ti èkejì wà bó ṣe yẹ. Dókítà ní kò tíì dájú, pé kí n gba gbogbo ohun tí mo bá tọ̀ láàárín wákàtí 24 jọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "E jowo ma, ito ni o. Eleyii, ti isale."