Iná tó kú ló bà mí lẹ́rù

Sátidé, Adó-Èkìtì

Iná ABS, ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí tàyà há nígbà tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, tàn. Iná tí wọ́n ya ọkọ̀ tó ń yọ̀ sí náà tàn. Iná tàyà tàn, aago inú ọkọ̀ ń ka aago méjìlá òru nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere, rédíò sì ń béèrè kóòdù. Bí Àǹtí mi ṣe ń kà wọ́n fún mi lórí fóònù láti Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí nìyẹn, wọn ò tilẹ̀ dúró mí. Alẹ́ àná ni rewáyà bá wọn gbé bátìrì tuntun sínú ọkọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń rojọ́ rẹ̀ kò ju pé ọkọ̀ kì í tètè jí láàárọ̀ lọ. Ó wá jí tán, iná kún dáṣíbọọ̀dù.

"Àbúrò mi, ṣé wọn ò ti ba ọkọ̀ mi jẹ́ báyìí?"

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Ṣé pupa wà nínú wọn? Èyí tó dà bí agolo tí epo ń kán lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Èyí tó ní àmì bátìrì?"

"Kò sí pupa. Yẹ́lò ni gbogbo wọn."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà nílẹ̀, mo ń bọ̀.

Ìbéèrè pupa yẹn ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ máa bi ara rẹ̀. Iná pupa ti epo ẹ́ńjìnnì, ti ooru ẹ́ńjìnnì, ti bátìrì àti ti bíréèkì kò bá ti pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so bátìrì mọ́ ọkọ̀ tan rárá. Bí ti epo tàbí ti ooru bá dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti jí, kí èèyàn pa á lójú ẹsẹ̀. Kì í pẹ́ rárá kí ẹ́ńjìnnì tí epo ò dé ara irin rẹ̀ tó run. Ti bíréèkì, ẹ wò ó bóyá háńdìbíréèkì ló ṣì wà lókè. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde. Yẹ́lò ni èèyàn lè fi sùúrù bá lò.

Láti Ajílosùn dé Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ìrìn tó gùn. Mo bá wọn nídìí ọkọ̀, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi mítà wọn bátìrì kí n tó jí ọkọ̀: 12.6 volt. Ìyẹn ni pé bátìrì kún dáadáa. Mo jí ọkọ̀, ó gùn dé 14.2. Ó dára, ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń fún bátìrì ní iná. Inú mi dùn sí èyí ju ohun mìíràn lọ, nítorí ọ̀pọ̀ bátìrì ni wọ́n ń fi owó rà láìnídìí nígbà tó jẹ́ pé ọ́tánétọ̀ ló ti kú. Lẹ́yìn náà ni mo di orí bátìrì mú, mo mì ín. Ti pupa le. Ti dúdú ń yí lọ́wọ́ mi. Sípánà tẹ́ẹ̀nì ni mo fi dè é. Bí ibẹ̀ bá rọ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò ni iná ọkọ̀ á máa já tí á sì máa padà, àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á rí i pé iná kò tó, wọ́n á kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, dáṣíbọọ̀dù á tún tàn.

Dúdú yẹn náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tú, òun ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dè kẹ́yìn. Ara irin ọkọ̀ gan-an ni okùn dúdú so mọ́. Bí ẹnì kan bá ń tú pupa nígbà tí dúdú ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà sì fara kan irin ọkọ̀, iná á ta pàrà, ó sì lè jó ọwọ́ rẹ̀ tàbí kó ba nǹkan jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà.

Kí ló wá fa àwọn iná yẹ́lò yẹn? Ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní brain box, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí. Ti ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ti jíà wà lọ́tọ̀, ti bíréèkì wà lọ́tọ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń rántí níwọ̀n ìgbà tí iná bátìrì bá ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ti yọ bátìrì, díẹ̀ nínú ìrántí yẹn á lọ. Bí iná bá padà dé, ńṣe ni wọ́n máa ń rí bí ọmọ tó sùn sílé, tó wá jí sílé onílé: ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà.

Ohun kan tí ọkọ̀ Àǹtí gbàgbé ni ibi tí ṣìtíárìn máa ń wà nígbà tí tàyà bá nà tààrà. Nǹkan pàtàkì sì ni. Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà máa ń fi ibi tí awakọ̀ kọ ṣìtíárìn sí wé ibi tí ọkọ̀ ń lọ ní tòótọ́. Bí méjèèjì ò bá bára mu, òun fúnra rẹ̀ á tẹ bíréèkì tàyà kan láti dá ọkọ̀ padà. Ọdún 1995 ni Mercedes kọ́kọ́ gbé e jáde pẹ̀lú Bosch, lára S-Class. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2012, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí tọ́kùnbọ̀ tí wọ́n bá kó ti ọ̀hún wá lẹ́yìn ìgbà náà fi ní i. Bí ẹ̀rọ yìí ò bá mọ ibi tí àárín wà, kò ní ṣiṣẹ́, á sì tan iná rẹ̀ kí awakọ̀ lè mọ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn kọ́nà Ìtáwurẹ́ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó sì ti gba ibẹ̀ nínú òjò, kò ní sọ pé kí iná yẹn máa tàn lọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí Àǹtí jókòó sídìí ọkọ̀, kí wọ́n jí i, kí wọ́n kọ ṣìtíárìn sọ́wọ́ òsì títí kò fi ní lọ mọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sọ́tùn-ún bákan náà, kí wọ́n dá a padà sáàárín. Lẹ́yìn náà a gbé e jáde, a rọra wà á tààrà lójú ọ̀nà, Òkè Olósùnta ń wò wá lókè. A ò tíì rìn jìnnà tí iná ọkọ̀ tó ń yọ̀ fi kú, ti ABS tẹ̀ lé e. Àǹtí kígbe "Olúwa ṣeun!" Àwọn ọkọ̀ kan wà o, tí èyí kì í tó fún, àfi kí wọ́n fi sìkánà, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kọ́ wọn.

Ìyókù kò le. A fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú tàyà dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, a sì tẹ bọ́tìnnì iná tàyà. Fèrèsé tí kò fẹ́ gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́, a fà á wálẹ̀ pátápátá, a gbé e lọ sókè, a di bọ́tìnnì mú díẹ̀ lẹ́yìn tó ti dé òkè. Kóòdù rédíò wà nínú ìwé ọkọ̀. Ká ní iná airbag, àpò tó ń fẹ́ láti gba èèyàn sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ló tàn tí kò kú ni, mi ò bá tí fọwọ́ kàn án rárá, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni mo máa darí wọn sí.

A ń padà bọ̀ nílé ni Àǹtí sọ gbólóhùn tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi di báyìí. Wọ́n ní, "Bátìrì yìí tilẹ̀ dára. Iná ẹ́ńjìnnì tó ti ń tàn látọjọ́ yìí náà ti kú."

Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Àǹtí, kò sàn o. Ó gbàgbé ni."

Ohun tó bá ń ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí ọpọlọ ọkọ̀ kọ sílẹ̀ ló pa rẹ́ nígbà tí iná bátìrì já. Àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀, irú bíi ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wo èéfín, ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan, wíwa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ àti wíwa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó já gaara, kí wọ́n tó parí. Bí wọ́n bá parí tí wọ́n tún rí àìsàn náà, iná á padà tàn. Láàárín ìgbà náà, awakọ̀ á máa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn kan ń fi èyí ṣe òwò. Oníbàárà ń bọ̀ wá wo ọkọ̀, wọ́n á ti yọ orí bátìrì, wọ́n á dá a padà, dáṣíbọọ̀dù á mọ́ tónítóní. Jìbìtì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lè mọ̀: ihò sìkánà tó ní ojú mẹ́rìndínlógún wà, nísàlẹ̀ ṣìtíárìn lọ́pọ̀ ìgbà, nínú gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì wa sílẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, yóò fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò náà kò tíì parí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò parí, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n yọ bátìrì fún.

Àǹtí kò fẹ́ gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó wu èèyàn kí iná kú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù tí kò jó tán nínú ẹ́ńjìnnì lè sun katalísítì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, títí á fi dí, owó rẹ̀ sì ju ti sẹ́ńsọ̀ lọ fíìfíì. Nígbà tí mo sọ iye tó ṣeé ṣe kó jẹ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n máa sọ ohun tí a máa ṣe.

Ọ̀la wọ́n máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa gbé e wá sí ibi iṣẹ́ wọn ní Adó bí wọ́n ṣe ń ṣe. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, wọ́n á pè mí, a ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní sìkánà ní Bàsírì, kó kà á sókè kí èmi náà gbọ́, ká tó ra ohunkóhun. Bí kò bá tàn, ọjọ́ Ẹtì a ó ṣì lọ wò ó bóyá àwọn àyẹ̀wò ti parí. Mo ti pe rewáyà náà, ó sì gbà: títí di ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orí bátìrì yẹn.