Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí

Mo ti pinnu pé n kò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, ọwọ́ mi ti kúrò lára òwú, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò létí mi.

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi ló wá kí i. Ilẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń hun aṣọ kò padé dáadáa, wọn kò sì mọ̀ pé mo ń gbọ́. Àlejò náà béèrè pé, "Gbogbo ìjókòó yìí, ṣé ihò ni wọ́n ń hun?" Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá dáhùn pé, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí."

Ọ̀rọ̀ àlejò kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣáà fi "wọ́n" bu ọlá fún mi. Ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò sì gbàgbé ọ̀wọ̀, kí la fẹ́ bá a jà sí? Ti àbúrò mi ni mo ń yẹ̀ wò. "Wọ́n ní." Ta ni "wọ́n" yẹn? Bí ó bá jẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló ní lọ́kàn, a jẹ́ pé ó gbè mí lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, a jẹ́ pé ohun tó ń sọ ni pé ẹnu mi nìkan lòun ti gbọ́ ọ, òun kò sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ẹni kan tó ju ni lọ, n kò sì lè yọjú kí n béèrè èwo ni.

Iṣẹ́ òní fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Òwú 88 náà ṣì ni, 10 nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, lórí òfì kékeré orí tábìlì. Mo hun nǹkan bí ínǹṣì 6. Ìborùn oníhò aláwọ̀ eérú yẹn náà ni, èyí tí mo ṣèlérí pé n kò ní ráhùn nípa rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé híhun ihò le ju híhun aṣọ tó dí lọ. Nígbà tí mo bá ń hun lásán, n kò ní ṣe ju kí n gbé aasà (férémù tó ní ihò àti àlàfo tí òwú gbà kọjá) sókè, kí n ti ọ̀kọ̀ tó gbé òwú ìdábùú kọjá, kí n rẹ aasà sílẹ̀, kí n sì ti ọ̀kọ̀ padà, nítorí pé òwú tó wà nínú ihò aasà yóò bá a lọ, èyí tó wà nínú àlàfo gbọọrọ yóò sì dúró sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ìlà òwú lílọ́, èyí tó ń ṣí ihò sínú aṣọ, aasà kò lè ràn mí lọ́wọ́ mọ́: láti apá ọ̀tún ni mo ti ń fi ìka gbé òwú méjì gba orí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí mo ń fi ọ̀pá pẹlẹbẹ mú wọn dúró, ìgbà 22 lórí ìlà kan, kí n tó lè gbé ọ̀pá náà nàró kí ọ̀kọ̀ rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn náà ni ìlà lásán 5, kí ọ̀kọ̀ lè tún bá mi lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá wo gbogbo èyí tó sì sọ pé... Ẹ jẹ́ kí n má parí gbólóhùn yẹn.

Aasà gan-an, kí ni ó jẹ́ bí kò ṣe ihò àti àlàfo tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Ẹ dí wọn pa, kí ẹ wá wò ó bóyá aṣọ kankan yóò jáde.

Síbẹ̀, kí n má parọ́, àlejò yẹn rí nǹkan. Nígbà tí mo padà jókòó, mo rí i pé nínú ìlà lílọ́ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, òwú 3 ni mo gbé níbi tí ó yẹ kí n gbé 2. Ihò ibẹ̀ wọ́. Ká ní àná ni, ǹ bá fi í sílẹ̀, ǹ bá sọ fún ara mi pé omi yóò tún un ṣe, nítorí pé òwú tí òfì ti fà le máa ń dẹ̀, tí ó sì ń wá àyè ara rẹ̀, nígbà tí a bá rẹ aṣọ sínú omi. Ṣùgbọ́n omi kì í ka òwú. Mo tú ìlà 12. Nígbà tí mo ń tú u lọ ni ẹ̀rín gbà mí: ẹni tí wọ́n ní ó ń hun ihò ti wá jókòó, ó ń tú ihò.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí àlejò mọyì rẹ̀. Àbí mo fẹ́ bẹ́ẹ̀? N kò mọ̀. Ó wù mí kí ẹnì kan nínú ilé yìí mọ̀ pé bí a bá kàn fi àyè sílẹ̀ láàárín òwú, ńṣe ni wọn yóò máa yọ̀ káàkiri títí àyè náà yóò fi dí, ṣùgbọ́n pé èyí tí a lọ́ mọ́ra máa ń di òwú ìdábùú mú, tí ihò náà kò sì ní kúrò níbi tí a fi í sí. Ẹnì kan péré ti tó.

Àbúrò mi wọlé lálẹ́. Ó tẹ̀ síwájú òfì, ó ki ìka kan bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ní fà ya báyìí?"

Gbogbo àlàyé tí mo kọ sókè yìí ló wà lẹ́nu mi. Mo sì dá a lóhùn pé, "Wọ́n ní kò ní ya."

Ó wò mí díẹ̀, ó sì yọ ìka rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìlà lílọ́ 9 ló kù.