Ọdún tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ń lọ, ẹ jẹ́ n ro tèmi. Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ń gbé, Faransé la fi ń ṣe ìwé ìjọba, Yorùbá àti Ègùn la ń sọ nílé, àlejò ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ rajà l'Ékòó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan tí wọ́n kọ sára páálí, ìyẹn làwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án kan ṣe ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ mi lálaalẹ́ Tuesday.

Láti oṣù kìíní ni mo ti ń túmọ̀ fún wọn. Wọ́n á ka ìlà kan, wọ́n á wojú mi, mo ti sọ ọ́ ní Yorùbá kí wọ́n tó mí, inú mi á máa dùn pé tíṣà gidi ni mí. Àfìgbà tí mo lọ sìnkú ní Kétu, ọ̀sẹ̀ méjì péré, mo dé, kò sẹ́ni tó ṣíwèé. "Tíṣà, ẹ ò sí ńlé ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ẹnu mi ni mo fi dè wọ́n.

Mo ní ó dáa, ẹ máa wo díkíṣọ́nárì orí fóònù, ìyẹn náà tún bàjẹ́. Bàbá kan tó ń ta júùsì rí "Shake well before use", ó tẹ "well", fóònù ní "puits", kànga! Ó ní kí ló pa kànga pọ̀ mọ́ júùsì òun. A rẹ́rìn-ín títí. Látọjọ́ yẹn, mo ní ẹ kà á tán lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan.

Ìwé tí mo ń fún wọn gan-an le jù. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Hu àti Nation, ṣèwádìí ẹ̀ ní 2000, wọ́n ní kí ìtàn tó lè yé ẹni tó ń dá kà á dáadáa, ó máa mọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 98 nínú 100. Mo bá gbé ìwé ọmọdé wá, màmá kan tó ti lọ́mọọmọ wò mí, "Ehoro lẹ gbé fún mi, Tíṣà?" Ó jàre. Ni mo bá padà sórí nǹkan tí wọ́n ti mọ̀, ara ọṣẹ, ara pómádì, ìròyìn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti wò lálẹ́ àná, ẹni tó mọ iye góòlù tó wọlé á kúkú mọ ohun tí "scored" ń sọ.

Nínú mẹ́sàn-án, mẹ́rin ti sá lọ, ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mẹ́ta ń dá kàwé báyìí. Màmá eléhoro wà nínú wọn, tí mo bá fẹ́ lanu, á na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

Ẹni tó bá ní ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ nílé, pàápàá ojú ewé bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi pọ́n àkàrà o, mò ń bọ̀ wá kó o.