Ṣọ́ọ̀kì iwájú Corolla mi: ibi tí iṣẹ́ dé

Sátidé

Corolla 1999 yìí kò gbádùn mọ́. Láti Kútọ̀ dé Láfẹ́ńwá, kò sí kòtò tí n kì í mọ̀ lára. Mo tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, mo jáwọ́, ó ń jó lọ láìdúró. Bí mo bá tẹ búréèkì, á dorí kodò. Ó sì ti ń jẹ táyà.

Mo gbé e sórí síítáńdì (jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán), mo tú táyà. Ọ́ìlì ti jò wálẹ̀ lára ṣọ́ọ̀kì, iyẹ̀pẹ̀ sì ti dì mọ́ ọn gbagidi. Ọ́ìlì yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́: ihò tín-ín-tín inú písítìn (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ṣọ́ọ̀kì) ló ń fún ara rẹ̀ gbà kọjá, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò. Sípíríǹgì ló ń ru ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun. Sípíríǹgì tèmi kò ṣẹ́, kò rọ̀. Kí ni màá wá rà á fún?

Ọjọ́ Ajé

Mo wo ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀. Mo gbé ọ̀kan nàró, mo tẹ ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú rẹ̀. Òmíràn ti dógùn-ún lára ọ̀pá. Ìpẹtà yẹn á ya rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró kó tó pẹ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Tuntun méjì ni mo rà, tọ̀tún tòsì, ṣùgbọ́n láìsí sípíríǹgì. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti odidi.

Sátidé kejì

Mo yá irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Bàbá mẹkáníìkì àdúgbò wa dúró tì mí. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí sípánà, wọ́n ní: "Ọmọ mi, má tíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì orí yẹn o!" Nọ́ọ̀tì yẹn ló di sípíríǹgì mú; bí ẹ bá tú u nígbà tí sípíríǹgì ṣì le, yóò ta jáde, ó sì lè fọ́ ẹnu ènìyàn. Mo fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, títí sípíríǹgì fi ń mì jọ̀ọ̀ ní àyè rẹ̀.

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun nàró, mo fà á sókè, mo tẹ̀ ẹ́ sódò lọ́pọ̀ ìgbà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Rọ́bà orí rẹ̀ ṣì le dáadáa, mo dá a padà. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bóòtù méjì nísàlẹ̀, ọ̀tún parí.

Òsì ló kù. Lẹ́yìn rẹ̀, àláìnímẹ́ǹtì (títo táyà kó dúró gún), torí bóòtù ìsàlẹ̀ tí mo tú lè ti yí ìdúró táyà padà. Mi ò ní ṣahun lórí ìyẹn.