Ewé Eéran àti Igbó Tí Ó Ń Ṣíji Bò Ó

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí bí a ṣe lè máa lo igi àti ewéko láì ba igbó jẹ́, pákó àti gẹdú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà. Ní tèmi, ewé eéran ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, tí àwọn olóúnjẹ sì fi ń di ìrẹsì Ọ̀fadà. Mo gbà pé ó ṣòro láti rí ohun mìíràn tí à ń mú jáde nínú igbó wa tí ó nílò kí igbó náà wà lórí ìdúró tó o.

Ewéko yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thaumatococcus daniellii, kì í ní ìtì. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rá kiri bíi ti atalẹ̀, láti ibẹ̀ ni igi ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń yọ sókè, ewé fífẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá gé èyí tí ó ti gbó tí a sì fi ọ̀dọ́ sílẹ̀, gbòǹgbò náà yóò tún rú òmíràn. Abẹ́ òjìji ni ó ti ń ṣe dáadáa, nínú igbó ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Ògùn, àti nínú oko kòkó àtijọ́ tí a kò gé gbogbo igi ńlá inú rẹ̀. Nítorí náà, obìnrin tí ó ń fi ewé kíká jẹun ní ìdí pàtàkì láti fẹ́ kí ìrókò àti arère orí rẹ̀ máa dúró.

Kì í ṣe ewé nìkan ni ó wúlò. Wọ́n ń fi igi ewé rẹ̀ hun ẹní. Ní ti èso pupa rẹ̀, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, ti kọ̀wé nípa adùn rẹ̀ ní ọdún 1855, orúkọ rẹ̀ ni ewéko náà sì ń jẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n pè ní thaumatin, èyí tí ó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po dùn ju ṣúgà lọ, tí a sì fọwọ́ sí lílò rẹ̀ nínú oúnjẹ ní Yúróòpù. Ó dùn mí pé ewé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwo oúnjẹ fúnfun oní-sitirofóòmù ní oṣù Kìíní ọdún 2024, inú mi dùn, mo sì rò pé ewé yóò padà sí ìdí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n abọ́ oníke ni mo ń rí jù lóde àríyá, wọ́n ṣì ń se mọ́ínmọ́ín nínú ọ̀rá. N kò bá àwọn olóúnjẹ wí lórí rẹ̀, torí pé fífọ ewé, nínù ún níwá lẹ́yìn àti pípọ́n ọn ń gba àkókò, ewé a sì máa wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lè lo agolo, nítorí pé agolo ṣeé fọ̀ tún lò. Ọ̀rá ni mo kọ̀. Ewé tí a jù sẹ́yìnkùlé yóò jẹrà di ilẹ̀, ọ̀rá yóò dí ojú gọ́tà.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé inú igbó lásán ni a ti ń ká púpọ̀ nínú ewé náà, láìsí ẹni tí ń gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbìn rẹ̀ kò le: a ó gé gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ní ojú, a ó rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ kòkó tàbí obì nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin olóko kòkó pé kí ẹ má ṣe fọ́n oògùn apakòríko dé ibi tí eéran bá wà, kí ẹ fi àdá ro àyíká rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ẹléwé máa wá ká a lọ́wọ́ yín ní iye tí ẹ bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí.